ÌDÁNWÒ KÍ KỌ́KỌ́RỌ́ TÓ DỌ́WỌ́

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ àti ẹyìn jẹ́ ti Ọlọ́hun nìkan ṣoṣo, Ọba tí Ó rọ àwọn ohun ìgùn fún ọmọ ènìyàn, tí ẹṣin, ràkúnmí àti ọkọ̀ fi ń gbọ́ràn sí wa lẹ́nu, nǹkan tí agbára tiwa ìbá má ká láéláé. Kí ikẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ojú ọ̀nà wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ohun tí ó mú wa fi ojú ewé yìí sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wíwà kò jìnnà. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, lẹ́yìn ìrun Jimọh, ọ̀kan nínú àwọn àgbà mọ́sáláṣí wa, ẹni tí kì í fi owó ṣahun bí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn bá dé, fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ girama. Bàbá rẹ̀ sì ti ní ọkọ̀ kan nílẹ̀ tí ó fẹ́ fi jíǹkí rẹ̀. Láísẹ́ǹsì ni ó kù.

"Àáfáà," ni bàbá náà wí, "ìwé kékeré kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá wa kọ. Ẹ̀yin náà ni ẹ sọ ọmọ yìí lórúkọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ pé ọdún kan ṣáájú ìgbà yẹn ni ìsọmọlórúkọ náà wáyé, kí ó lè jẹ́ pé ó ti pé ọdún 18. Òun ni a ó mú lọ sí kóòtù láti fi búra ọjọ́ orí rẹ̀."

Èmi ni mo sọ ọmọ náà lórúkọ lóòótọ́, n kò sì lè gbàgbé ọjọ́ náà. Àgbò tí wọ́n fẹ́ fi ṣe akiika já okùn, ó sì sá gba àárín páànù tí a kó jọ fún òrùlé mọ́sáláṣí kọjá, tí gbogbo àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà sì ń lé e kiri. Ọdún tí a kan òrùlé kò ṣe é yí padà. Mo sọ fún bàbá náà pé ọwọ́ tí mo fi kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sínú ìwé mọ́sáláṣí ni ó ń bẹ̀ pé kí n fi kọ irọ́ báyìí. Inú bí i. Ó ní, "Àáfáà, ẹ ti le jù. Ṣé kí ọmọ máa gun ọ̀kadà kiri títí yóò fi kú ni?" Ẹ jẹ́ kí a sọ òdodo, ìbéèrè náà kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Òbí tí ó bá mọ ohun tí ọ̀kadà ń ṣe fún ọmọ ènìyàn, kò burú bí ó bá ń wá ohun mìíràn fún ọmọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà sọ ni ó mú mi dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé-kéwú wa ni, kò sì ṣe é fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ó ní, "Àáfáà, mo ti bàlágà. Mò ń kírun, mò ń gba ààwẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ mi ti di èyí tí wọ́n ń kọ sílẹ̀. Usama ọmọ Zaid, ọ̀dọ́ ni nígbà tí Ànábì fi í ṣe olórí ogun. Kí ni ó wá dé tí ìjọba fi ní n kò tíì tó ẹni tí ń wakọ̀?" Mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ó ń ro irú èrò yìí. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí ni ẹ ní irú rẹ̀ nínú, bí ẹ kò tilẹ̀ sọ ọ́ síta. Nítorí náà, ìdáhùn tí mo fún un ni mo fẹ́ fún gbogbo yín.

Lákọ̀ọ́kọ́, bàlágà nìkan kọ́ ni Sharia ń wò. Ẹ ṣí Suratun-Nisai, kí ẹ wo aaya kẹfà. Níbẹ̀ ni Ọlọ́hun ti pàṣẹ fún àwọn alágbàtọ́ ọmọ òrukàn pé kí wọ́n máa dán àwọn ọmọ náà wò títí wọn yóò fi tó ọjọ́ orí ẹni tí ń gbéyàwó, bí wọ́n bá sì rí i pé òye àti làákàyè ti wà lára wọn, nígbà náà ni kí wọ́n tó kó ohun ìní wọn lé wọn lọ́wọ́. Ẹ ṣe àkíyèsí pé nǹkan méjì ni Ọlọ́hun sọ pọ̀. Ọjọ́ orí jẹ́ ọ̀kan, ìdánwò tí ń fi òye hàn sì jẹ́ èkejì. Ọmọ lè bàlágà lónìí, kí alágbàtọ́ rẹ̀ sì tún di owó rẹ̀ mú nítorí pé ó dán an wò, kò sì yege. Owó ni a sì ń sọ yìí, ohun tí ó lè sọnù lónìí kí a tún rí i lọ́la. Ṣé ẹrù irin tí ó wúwo ju màlúù mẹ́ta lọ, tí ń sáré ju ẹṣin lọ láàrin ọmọ ọlọ́mọ, ni a ó wá kó lé ẹni tí a kò dán wò rí lọ́wọ́?

Ní ti Usama, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, ẹ jẹ́ kí a ka ìtàn rẹ̀ tán. Lóòótọ́ ni Ànábì, kí ikẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a, fi í ṣe olórí ogun nígbà tí kò ju nǹkan bí ọdún 18 sí 20 lọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ogun Uhudi, nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé àwọn jagunjagun jáde, àwọn onítàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ànábì dá a padà sílé. Ó dá Abdullahi ọmọ Umar náà padà. Abdullahi fúnra rẹ̀ ni ó ròyìn rẹ̀, tí Bukhari àti Muslim sì gbà á wá, pé ọmọ ọdún 14 ni òun ní ọjọ́ Uhudi, wọn kò gba òun láyè, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Kandaki tí òun di ọmọ ọdún 15, wọ́n gba òun láyè. Ìgbàgbọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ní àbùkù kan. Iṣẹ́ tí ó léwu ni a kò tíì fẹ́ fi lé wọn lọ́wọ́, nítorí pé ẹni tí kò tíì gbó tó lè ṣe ara rẹ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ léṣe.

Èyí tí ó wá dùn mọ́ mi jù ni ti Rafiu ọmọ Khadiji àti Samura ọmọ Jundubi ní ọjọ́ Uhudi yìí kan náà. Wọ́n kọ́kọ́ dá àwọn méjèèjì padà. Nígbà tí wọ́n jẹ́rìí fún Ànábì pé Rafiu mọ ọfà í ta, ó gbà á láyè. Ni Samura bá sọ pé òun lè gbé Rafiu ṣubú. Wọ́n ní kí wọ́n jà á, wọ́n jìjàkadì, Samura gbé e ṣubú, wọ́n sì gba òun náà láyè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ni èyí bí kò ṣe ìdánwò? Samura kò sọ pé kí bàbá òun bá òun wá ẹni tí yóò fi ọdún kún ọjọ́ orí òun. Iwájú ẹni tí ó ní àṣẹ ni ó ti fi ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe hàn.

Nísinsìnyí, kí ni ìjọba ilẹ̀ wa sọ? Ní Nàìjíríà, ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò lẹ́tọ̀ọ́ sí láísẹ́ǹsì. Ẹni tí ó bá sì ti pé e, ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí ni yóò kọ́kọ́ lọ. Yóò gba ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní pámíìtì lánà, yóò lẹ àmì L mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹni tí ó ti ní láísẹ́ǹsì yóò sì máa jókòó tì í. Lẹ́yìn ìkọ́ṣẹ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ V.I.O. yóò dán an wò. Bí ó bá yege, yóò lọ sí ọ̀dọ̀ àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, èyí tí a dá sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1988 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n sì gba ìtẹ̀ka rẹ̀. Ètò náà gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí ó tako ẹ̀sìn.

Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹ̀sìn gbè é lẹ́sẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1993, àpéjọ àwọn onímọ̀ Fikihu tí Àjọ Àwọn Orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí gbé kalẹ̀ jókòó ní ìlú Bandar Seri Begawan ní Brunei, wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ ìjàm̀bá ọkọ̀ wò, wọ́n sì fi ẹnu kò sí i pé títẹ̀lé àwọn òfin ojú pópó tí kò bá tako Sharia jẹ́ ọ̀ranyàn lọ́rùn Mùsùlùmí, nítorí àǹfààní gbogbo ènìyàn tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, ọ̀ranyàn ni wọ́n pè é. Ẹni tí ó bá ń pa òfin ojú pópó mọ́ kìkì nígbà tí ó bá rí ọlọ́pàá níwájú, kí ó tún èrò rẹ̀ rò.

Gbogbo wa ni a sì mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìlú. Ẹnìkan wà tí ó mọ ẹnìkan. A ó fún un lówó, láísẹ́ǹsì yóò dé, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀ kò sì ní fi ẹsẹ̀ kan bíréèkì níwájú ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí a ka irọ́ tí ó wà nínú ìwé pélébé yìí. Ó parọ́ pé ẹni yìí ti kọ́ ọkọ̀, ó parọ́ pé a ti dán an wò, bí ó bá sì jẹ́ ọmọ ọdún 17 ni, ó tún parọ́ ọjọ́ orí. Ànábì ka ẹ̀rí èké mọ́ àwọn ẹ̀ṣẹ̀ ńláńlá, nígbà tí ó sì dé orí rẹ̀, ó dìde jókòó láti ibi tí ó fara tì, ó sì ń tún un sọ títí tí àwọn sàábé fi ń fẹ́ kí ó dákẹ́. Ní ti àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ègún wà lórí ẹni tí ó fún ni àti ẹni tí ó gbà á. Ọmọ wa yóò wá gun ọkọ̀, yóò ka àdúà ohun ìgùn tí a kọ́ ọ, ìwé ègún yóò sì wà nínú àpò rẹ̀.

N kò sọ èyí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Láàrin ọdún 1990 sí 1999, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, mo ra láísẹ́ǹsì. Mo fún ọkùnrin kan lówó ní ọjọ́ Ajé, kí ó tó di Jimọh ó ti wà lọ́wọ́ mi. N kò ka ìwé òfin ojú pópó rí. Mo lè ṣàlàyé ìlà inú ewì Lárúbáwá, ṣùgbọ́n n kò mọ ìtumọ̀ ìlà tí wọ́n fi ọ̀dà kùn sí àárín títì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo fẹ́ ya ọkọ̀ akẹ́rù kan sílẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, níbi tí ìlà náà ti gùn gbọọrọ láìgé. Akẹ́rù mìíràn yọ níwájú. Inú igbó ni mo wà á sí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jókòó tì mí, apá rẹ̀ sì ṣẹ́ ní ọ̀nà méjì. Ó ti di ìyá ọmọ báyìí, ṣùgbọ́n apá náà kì í nà tán títí di òní. Àwọn ará ilé kí mi kú ewu, wọ́n ní kádàrá ni, wọ́n ní kí n ṣe sàárà. Mo ṣe sàárà náà. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá, mo ń túmọ̀ Suratun-Nisai fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo dé ibi aaya ìdánwò yẹn, ohùn mi sì há. Mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ lẹ́yìn náà, mo jókòó láàrin àwọn ọmọdé, mo sì kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀. Ó tọ́ sí mi.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò, ẹ má ṣe kà á bí ẹni tí ń há ìdáhùn sórí kí ó tó gbàgbé rẹ̀ lọ́la. Ẹ kọ́kọ́ mọ àwọn àmì. Èyí tí ó ní igun mẹ́ta, tí etí rẹ̀ pupa, tí ṣóńṣó rẹ̀ sì kọjú sókè, ìkìlọ̀ ni ó ń ṣe nípa ohun tí ó wà níwájú. Bí igun mẹ́ta náà bá dorí kodò, ó ní kí ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Èyí tí ó rí róbótó tí etí rẹ̀ pupa ń kọ nǹkan kan fún yín. Èyí tí ó ní igun mẹ́jọ kò ní ìtumọ̀ méjì: ẹ dúró pátápátá, kí táyà má yí rárá, bí kò tilẹ̀ sí ẹnìkan lójú ọ̀nà. Ìlà àárín títì tí kò gé, tí ó wà níhà ọ̀dọ̀ yín, ẹ kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀ láti ya ẹlòmíràn sílẹ̀. Èyí tí ó gé kélekèle gbà yín láyè bí iwájú bá ṣófo. Ìlà yìí ni ó jẹ mí níyà.

Ẹ ṣọ́ra fún ráńdábáòtù. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà fi apá òsì títì sílẹ̀, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ ní apá ọ̀tún. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó ti wà nínú ráńdábáòtù, tí ó ń bọ̀ láti apá òsì wa, ni ó ni ọ̀nà. Ẹni tí ó bá fi ìwé àwọn ará Ìlú Ọba kẹ́kọ̀ọ́, níbi tí wọ́n ṣì ń wa ọkọ̀ ní apá òsì, yóò kọ́ ọ ní ìdàkejì, yóò sì gbé e wá sílé.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ eré sísá, tí àwọn ọ̀dọ́ kì í fẹ́ gbọ́. Òfin gba ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láyè láti sá 50 kìlómítà ní wákàtí kan láàrin ìlú, àti 100 ní òpópónà ńlá bí irú ti Èkó sí Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá ń sá 50 ń lọ mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni pé ó ń kọjá nǹkan bí sàfù 11 nínú mọ́sáláṣí. Kí ojú rẹ̀ tó rí ọmọ tí ó sá bọ́ sí títì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tó dé orí bíréèkì, ìṣẹ́jú àáyá kan yóò ti lọ, ó kéré tán. Bẹ́ẹ̀ ni pé láti orí mímúbárì dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn mọ́sáláṣí kékeré kan, ọkọ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ eré rárá. Bí a bá sì sọ eré náà di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí bíréèkì yóò fi dá ọkọ̀ dúró kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni ó ń dì. Mo ti béèrè èyí lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ tí ó ti wa ọkọ̀ fún ogún ọdún, wọn kò mọ̀ ọ́n. Ní ti àlàfo láàrin yín àti ọkọ̀ iwájú, ẹ wo òpó iná kan tí ọkọ̀ iwájú kọjá, kí ẹ sì rọra wí pé Subhanallahi wal-hamdu lillahi. Bí ẹ bá dé ibi òpó náà kí ẹ tó wí i tán, ẹ ti súnmọ́ ọn jù. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ wí i lẹ́ẹ̀mejì.

Ìdánwò lórí ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn fífi ẹ̀yìn rìn, dídúró sórí òkè láìyí sẹ́yìn, wíwo dígí kí a tó yà, ẹ ó kọ́ ọ lọ́dọ̀ olùkọ́ yín. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní níbẹ̀: ẹ má ṣe kó ọ̀rẹ́ jọ sínú ọkọ̀ nígbà tí ẹ ṣì ń kọ́ṣẹ́, kí ẹ sì pa tẹlifóònù. Ọ̀dọ́ tí ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń yìn láti ẹ̀yìn kò ní gbọ́ ohùn olùkọ́ rẹ̀.

Àwọn arábìnrin wa náà ń béèrè bóyá ó tọ́ kí àwọn kọ́ ọkọ̀. Kò sí ohun tí ó sọ ọ́ di haramu fún wọn. Ìyá tí ó lè gbé ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ gbóná dé ilé ìwòsàn ní òru ti ṣe ohun rere. Ṣùgbọ́n kí ó má dá wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú olùkọ́ tí kì í ṣe mahiramu rẹ̀. Kí wọ́n wá olùkọ́ obìnrin, tàbí kí àwọn arábìnrin méjì tàbí mẹ́ta jọ lọ, tàbí kí ọkọ, bàbá tàbí arákùnrin jókòó sẹ́yìn.

Nǹkan kan tún wà tí a kò lè fò kọjá. Nínú ọkọ̀ bàbá ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, tìrà méjì ni ó wà lábẹ́ ìjókòó. Òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé òun ti "ṣe ètò ààbò" fún ọmọ náà. Ẹgbẹ́ wa ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún gbọ́n-ín gbọ́n-ín, a kò sì ní yé sọ ọ́. Ẹni tí ó fi awọ gbá ìwé mọ́ abẹ́ ìjókòó, tí kò sì de bẹ́líìtì tí ó wà lórí ìjókòó náà, irú ìgbàgbọ́ wo ni ó ní? Nígbà tí ará oko kan béèrè lọ́wọ́ Ànábì bóyá kí òun so ràkúnmí òun mọ́lẹ̀ ni, tàbí kí òun tú u sílẹ̀ kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun, Ànábì ní kí ó so ó, kí ó sì gbára lé Ọlọ́hun. Bẹ́líìtì ni okùn ràkúnmí tiwa. Táyà tí ó dára ni. Ẹ̀kọ́ ni. Kádàrá jẹ́ òdodo, ẹni tí ó bá tako rẹ̀ kò ní ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ̀ láti kẹ́kọ̀ọ́, tí ó wá pa ènìyàn, tí ó sì na ìka sí kádàrá, ń fi ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ kọ́ Ọlọ́hun lọ́rùn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé àṣìṣe kò ní ẹ̀san. Nínú Suratun-Nisai yìí kan náà, ní aaya kejìléláàádọ́rùn-ún, Ọlọ́hun sọ ohun tí ó di dandan fún ẹni tí ó bá ṣèèṣì pa onígbàgbọ́. Owó ẹ̀jẹ̀ yóò lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí òkú, àyàfi bí wọ́n bá yọ̀ǹda rẹ̀. Apànìyàn náà yóò bọ́ ẹrú kan, bí kò bá sì rí i, yóò gba ààwẹ̀ oṣù méjì gbáko tí kò gbọdọ̀ já. Ẹrú kò sí mọ́, ààwẹ̀ ni ó kù. Ọgọ́ta ọjọ́ fún ẹ̀mí kan, bí ẹ̀mí méjì bá sì bọ́, ìlọ́po méjì ni. Mo ti bá ọkùnrin kan ka ọjọ́ ààwẹ̀ yìí. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógójì, ó jẹun láìní àwáwí kankan, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ọjọ́ kìíní. Àwọn tí wọ́n rí i nígbà náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí a ń fi owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀ yanjú.

Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní ọdún 2023 pé nǹkan bí ènìyàn mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún 190 ni ìjàm̀bá ojú pópó ń pa lọ́dọọdún, àti pé láàrin àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láti 5 dé 29, kò sí ohun mìíràn tí ń pa wọ́n tó o. Ọjọ́ orí yín nìyẹn. Àwọn tí a ń retí pé kí wọ́n gba ìpè ẹ̀sìn yìí lọ́wọ́ wa ni títì ń kó lọ.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yín kò pọ̀ lọ́wọ́ mi. Kọ́kọ́rọ́ tí ẹ bá fún ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ orí, ẹ̀yin ni ẹ ó dáhùn fún un níwájú Ọlọ́hun àti níwájú òfin. Ẹ má rán an lọ ra búrẹ́dì ní "ìtòsí ibí yìí náà." Ìtòsí ni àwọn ọmọ ọlọ́mọ ti ń ṣeré.

Mo ti gbà pẹ̀lú àwọn aṣáájú ọ̀dọ́ mọ́sáláṣí wa pé ní ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, láàrin ìrun Alaasari àti Magiribi, a ó máa ka ìwé òfin ojú pópó pọ̀ pẹ̀lú awakọ̀ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì nínú jamaa wa. Àwọn ẹ̀ka ìyókù lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà, kò ná wa ju ìwé kan àti pátákó lọ. Kò sí òfin tí ó ní kí ọmọ ọdún 17 má kàwé.

Bàbá ọmọ náà kò bá mi sọ̀rọ̀ fún Jimọh méjì. Ní ẹ̀kẹta, ó kí mi, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dé sí ìpàdé ọjọ́ Àìkú, ó mú bírò dání. Ó ku oṣù mẹ́sàn-án kí ó pé ọdún 18. Mo ti kọ ìwé tí bàbá rẹ̀ bèèrè fún un, ó wà nínú àpótí mi, ọdún tí àgbò já okùn sì ni mo kọ sí i.